Bí Dókítà Ìdílé ní Òṣogbo Ṣe Lè Kọ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣègùn Níṣẹ́ Láìjẹ́ Kí Iṣẹ́ Kílíníìkì Dúró

Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ rèé. Ilé ẹ̀kọ́ rán akẹ́kọ̀ọ́ wá, dókítà gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n wá àga fún un sí kọ̀rọ̀ yàrá. Ó wọ aṣọ funfun, ó gbé ìwé lé itan, ó ń wo dókítà bó ṣe ń sáré rí aláìsàn kan tẹ̀lé òmíràn. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bá pé, dókítà á buwọ́ lu logbook, ìyẹn ìwé tí wọ́n ń kọ iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ṣe sí, akẹ́kọ̀ọ́ á dúpẹ́, á sì máa lọ. Kò ṣe àṣìṣe kankan, nítorí kò ṣe nǹkan kan. Dókítà náà á ní òun ò tún gbà mọ́, torí pé wọ́n ń dá òun dúró.

Àìsí àyè tàbí àìsí ìfẹ́ kọ́ ló ń fà á. A ò fún akẹ́kọ̀ọ́ ní iṣẹ́ tó jẹ́ tirẹ̀ ni. Ẹni tó wọ ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì tí wọn ò jẹ́ kó di sípánà mú, bó lo ọdún mẹ́wàá níbẹ̀, kò lè tú ẹ́ńjìnnì. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún dókítà ìdílé tó ní kílíníìkì tirẹ̀, tàbí tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kékeré, tí UNIOSUN (Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun) tàbí ilé ẹ̀kọ́ mìíràn fẹ́ fi akẹ́kọ̀ọ́ ránṣẹ́ sí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti ń rí aláìsàn ni mo ní lọ́kàn, láti 400 level lọ sókè.

Ohun tí ẹ máa nílò

Ẹ má tíì sọ pé kí ẹnikẹ́ni wá títí ìwọ̀nyí á fi pé:

- Lẹ́tà ilé ẹ̀kọ́ tó sọ orúkọ akẹ́kọ̀ọ́, ọdún tó wà, ọjọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí, pẹ̀lú nọ́ńbà olùkọ́ kan tó máa gbé fóònù bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀.
- Ẹ̀rí pé akẹ́kọ̀ọ́ ti gba àjẹsára hepatitis B (àrùn ẹ̀dọ̀). Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń gbà á: ti àkọ́kọ́, ti oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀, ti oṣù mẹ́fà sí ti àkọ́kọ́. Ẹni tí kò bá tíì gbà á, kó bẹ̀rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, kó má sì fọwọ́ kan abẹ́rẹ́.
- Àyè kan tí akẹ́kọ̀ọ́ àti aláìsàn lè jókòó sí. Kò dìgbà tó bá jẹ́ yàrá. Àga méjì àti kọ́tìnì tó ṣeé fà ti tó, bí ẹni tó wà níta ò bá ti lè gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ.
- Ẹ̀rọ ìfúnpá kejì, tẹmómítà, àti aago tó ń ka ìṣẹ́jú-àáyá. Bí ẹ̀yin àti akẹ́kọ̀ọ́ bá ń du ẹ̀rọ kan ṣoṣo, iṣẹ́ á dúró lóòótọ́.
- Ìwé gàdàgbà kan lára ògiri, ní Yorùbá, níbi tí àwọn tó ń dúró ti lè rí i: "Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ń kọ́ṣẹ́ níbí lọ́wọ́lọ́wọ́. Bí ẹ ò bá fẹ́ kó wà níbẹ̀, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì. Kò ní kan ìtọ́jú yín."
- Ìwé kékeré kan tó jẹ́ tiyín, tí ẹ máa kọ ohun tí ẹ rí lójoojúmọ́ sí. Ó máa wúlò fún yín ní ìpele tó kẹ́yìn.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ló dára jù lẹ́ẹ̀kan. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá bẹ̀ yín gidigidi, ẹ gba méjì. Tí wọ́n bá ti di mẹ́ta, aláìsàn á rò pé ìgbẹ́jọ́ ni wọ́n pe òun sí.

Ìpele 1: Ẹ bá ilé ẹ̀kọ́ fẹnu kò

Ilé ẹ̀kọ́ a máa fi ìwé gígùn ránṣẹ́, gbogbo ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ ló kún inú rẹ̀. Ẹ kà á, àmọ́ ẹ má gbìyànjú láti kọ́ ọ ní gbogbo rẹ̀. Ẹ mú ohun mẹ́rin tàbí márùn-ún tí kílíníìkì yín lè fi han akẹ́kọ̀ọ́ ju bí ilé ìwòsàn ńlá ṣe lè fi hàn án lọ.

Ẹni tó dé UNIOSUN Teaching Hospital, àìsàn rẹ̀ ti sábà máa ń fojú hàn kó tó débẹ̀. Ẹlòmíràn ti kọ ọ́ sínú lẹ́tà tó mú wá. Lọ́dọ̀ tiyín, ara onítọ̀hún ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná láti àná ni. Ó lè jẹ́ ibà, ó lè jẹ́ òtútù àyà, ó lè jẹ́ nǹkan tó máa lọ fúnra rẹ̀ bó bá di ọ̀túnla. Bí dókítà ṣe ń ronú nígbà tí ọ̀rọ̀ ò tíì yé ẹnikẹ́ni, bó ṣe ń pinnu ẹni tó lè lọ sílé àti ẹni tó gbọ́dọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀dọ̀ yín ni akẹ́kọ̀ọ́ ti lè rí i. Ọ̀dọ̀ yín náà ló ti lè rí ẹni tí ẹ ti ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ láti ọdún pípẹ́, tí ẹ mọ ọkọ rẹ̀, tí ẹ mọ àwọn ọmọ rẹ̀. Èyí ni kí ẹ fi kọ́ ọ.

Ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta lọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀: kí ni akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nígbà tó bá ń lọ? Ta ló máa dáhùn bó bá farapa tàbí bó bá pa aláìsàn lára? Ìgbà wo ni olùkọ́ máa wá wò ó?

Àyẹ̀wò: bí ẹnì kan bá bi yín pé, "Kí ni ọmọ yìí máa mọ̀ ọ́n ṣe lọ́jọ́ tó bá ń lọ tí kò mọ̀ ọ́n ṣe lónìí?", kí ẹ lè dáhùn láìwo ìwé.

Ìpele 2: Ẹ bá àwọn òṣìṣẹ́ yín sọ̀rọ̀

Èyí ò gùn, àmọ́ àwọn tó fò ó ń kábàámọ̀. Ẹni tó ń yọ káàdì lẹ́nu ọ̀nà ni aláìsàn kọ́kọ́ ń bá pàdé. Bí òun bá sọ pé "wọ́n á fi yín kọ́ṣẹ́ lónìí o", ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ti ilé rẹ̀ dé. Ẹ kọ́ ọ ní ohun tó máa sọ. Ẹ yan nọ́ọ̀sì kan tí akẹ́kọ̀ọ́ á máa gbọ́ràn sí lẹ́nu nígbà tí ọwọ́ yín bá dí, kí ẹ sì sọ ọ́ létí àwọn méjèèjì, kí akẹ́kọ̀ọ́ má baà rò pé òun ju nọ́ọ̀sì lọ.

Ìpele 3: Ọjọ́ àkọ́kọ́

Ẹ má mú ọjọ́ Mọ́ńdè, èrò máa ń pọ̀ jù. Bí kílíníìkì yín bá wà lágbègbè Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ẹ má mú ọ̀sẹ̀ tí ọdún Ọ̀ṣun bá bọ́ sí nínú oṣù kẹjọ, torí ọ̀nà máa ń dí pa.

Nǹkan mẹ́ta péré ni kó ṣe lọ́jọ́ náà. Lákọ̀ọ́kọ́, kó jókòó pẹ̀lú àwọn tó ń dúró, kó bá wọn tẹ̀lé ìlà láti ibi tí wọ́n ti ń gba káàdì títí dé ibi tí wọ́n ti ń gba oògùn. Kò ní gbàgbé bí wákàtí méjì ṣe ń rí lára ẹni tí orí ń fọ́.

Èkejì, ẹ bi í léèrè pé: "Kí lo ti ṣe rí fúnra rẹ? Kí lo ti wò rí àmọ́ tí o ò ṣe? Kí ló ń bà ọ́ lẹ́rù?" Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú ìwé yín. Ìbéèrè kẹta yẹn ló wúlò jù. Akẹ́kọ̀ọ́ tó sọ pé Yorùbá òun ò dá múṣé, tí kò mọ bí òun ṣe máa bi màmá àgbà léèrè ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ àti ìtọ̀, ti sọ ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ ràn án lọ́wọ́ lé lórí fún yín. Ẹ fi nọ́ọ̀sì tì í láti máa ṣe ògbufọ̀ fún un. Ẹ má lo ọmọ aláìsàn, pàápàá bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti kọ̀rọ̀. Ìyá ò ní sọ ohun tó ń ṣe é lójú ara níwájú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin.

Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kó wọn ìfúnpá ẹnì kan níwájú yín, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ má sọ̀rọ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ dókítà ti ń ṣìnà: wọ́n gbà pé ẹni tó ti dé 500 level ti mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀, ẹ má wo nọ́ńbà nìkan. Ǹjẹ́ ó jẹ́ kí aláìsàn sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún? Ǹjẹ́ ẹ̀yìn aláìsàn fara ti àga, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì tẹ́ sílẹ̀ láìgbé ọ̀kan lé èkejì? Ǹjẹ́ apá wà lórí tábìlì, ní ìwọ̀n ibi tí ọkàn wà? Ṣé orí ara ló so ó mọ́, àbí orí apá aṣọ àǹkárá? Ṣé ó ń bá aláìsàn tàkúrọ̀sọ lọ́wọ́? Ṣé ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì? Bí ó bá kùnà níbì kan, ẹ jẹ́ kó parí kí ẹ tó fi hàn án.

Kó tó lọ sílé, kó buwọ́ lu ìwé pé òun ò ní sọ ọ̀rọ̀ aláìsàn níta. Òfin ìlera Nàìjíríà ti ọdún 2014 sọ ọ́ di dandan pé kí ọ̀rọ̀ aláìsàn wà ní ìpamọ́, àmọ́ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbàgbé pé WhatsApp náà ń jẹ́ níta. Kò gbọ́dọ̀ fi fóònù rẹ̀ ya fọ́tò aláìsàn, ì báà ṣe èélá lásán ló fẹ́ yà.

Àyẹ̀wò: lọ́jọ́ kejì, ẹ ní kó tún wọn ìfúnpá ẹlòmíràn láìsọ nǹkan kan fún un ṣáájú. Bí ó bá ṣe gbogbo rẹ̀ bó ṣe yẹ, ẹ lọ sí ìpele tó kàn. Bí kò bá ṣe é, ẹ má tíì lọ.

Ìpele 4: Bí ẹ ṣe máa gba àṣẹ lọ́wọ́ aláìsàn

Ibí yìí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ ló máa béèrè. Nọ́ọ̀sì tàbí ẹ̀yin fúnra yín ló máa béèrè, kí akẹ́kọ̀ọ́ má sì sí níbẹ̀ rárá. Àgbàlagbà Yorùbá ò ní fẹ́ kójú ti ọmọ ọlọ́mọ. Bí ọmọ náà bá ti dúró síwájú rẹ̀, á ní "kò burú, ẹ jẹ́ kó wá", nígbà tí inú rẹ̀ ò dùn sí i. Irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àṣẹ.

Ẹ lè sọ ọ́ báyìí: "Ẹ kú ìjókòó mà. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà wà pẹ̀lú wa. Ó fẹ́ kọ́kọ́ bá yín sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, lẹ́yìn náà dókítà fúnra wọn á rí yín. Bó bá sì jẹ́ dókítà nìkan lẹ fẹ́ rí, kò sí ohun tó burú níbẹ̀, nọ́ńbà yín ò ní sún sẹ́yìn. Èwo lẹ fẹ́?"

Ẹ kíyè sí ìparí rẹ̀. "Ṣé kò sí wàhálà?" kì í ṣe ìbéèrè, ńṣe ló ti gbé "bẹ́ẹ̀ ni" síni lẹ́nu. Ọ̀nà méjì ni kí ẹ gbé síwájú rẹ̀ kó mú ọ̀kan. Bó bá wolẹ̀, bó bá kọ́kọ́ dákẹ́, bó bá ní "ohun tí ẹ bá ti sọ náà ni", ẹ kà á sí pé kò fẹ́. Alhaja tó ní obìnrin nìkan lòun fẹ́ kó yẹ òun wò, ẹ bọ̀wọ̀ fún un, ẹ má bi í ní ìdí.

Àwọn kan wà tí ẹ ò ní béèrè lọ́wọ́ wọn rárá: ẹni tí wọ́n fipá bá lò pọ̀, obìnrin tí oyún ṣẹ̀ṣẹ̀ bàjẹ́ lára rẹ̀, ẹni tí ẹ fẹ́ sọ èsì àyẹ̀wò HIV fún, ẹni tí ọkọ rẹ̀ lù. Kí akẹ́kọ̀ọ́ wà níta lásìkò náà.

Òṣogbo ò tóbi tó bí àjèjì ṣe ń rò. Akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣí ilẹ̀kùn kó bá lándílọ́ọ̀dù rẹ̀ lórí àga, tàbí ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀, tàbí ìyàwó pásítọ̀ wọn. Ẹ ti sọ fún un ṣáájú pé bó bá ti mọ aláìsàn, kó kí i, kó jáde lójú ẹsẹ̀, kó má ṣàlàyé. Ẹ fúnra yín ni kí ẹ padà bi aláìsàn náà bóyá ó fẹ́ kó wọlé.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Níwájú aláìsàn, ẹ má pe akẹ́kọ̀ọ́ ní "dókítà" lásán. Ẹ pè é ní "akẹ́kọ̀ọ́ wa" tàbí "ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà lọ́dọ̀ mi". Òótọ́ ló jẹ́, ó sì ń dáàbò bo gbogbo wa.

Àyẹ̀wò: ní ìparí ọ̀sẹ̀, ẹ bi nọ́ọ̀sì pé ẹni mélòó ló kọ̀. Bí ẹnikẹ́ni ò bá kọ̀ rárá láti Mọ́ńdè títí di Fúráídè, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé bí a ṣe ń béèrè ò fún èèyàn láyè láti kọ̀.

Ìpele 5: Ẹ fún un ní aláìsàn tirẹ̀

Láti ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin, kó bẹ̀rẹ̀ sí í dá rí aláìsàn ṣáájú yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹnì kan láàárọ̀ àti ẹnì kan lọ́sàn-án. Bó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, ó lè di mẹ́ta sí mẹ́rin lójúmọ́.

Ẹ fúnra yín ni kí ẹ yan aláìsàn náà. Kó jẹ́ ẹni tí ara rẹ̀ lè gba ìdúró díẹ̀, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò ju méjì lọ, tí kò kánjú lọ ṣí ìsọ̀ ní Ọjà Ọba. Ẹni tó ń mí gúlegúle, ọmọ tí gìrì ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ lára rẹ̀, aboyún tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀: ẹ̀yin lẹ máa rí wọn lójú ẹsẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ dúró tì yín.

Bí àkókò ṣe máa lọ nìyí. Ní aago mẹ́sàn-án, akẹ́kọ̀ọ́ mú aláìsàn àkọ́kọ́ lọ sẹ́yìn kọ́tìnì. Ẹ̀yin rí ẹnì kejì. Ní 9:15, ó jáde wá, ó jíṣẹ́ fún yín ní ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹ jọ lọ bá aláìsàn, ẹ yẹ ohun tó jẹ́ kókó wò fúnra yín, ẹ parí ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, ó jókòó láti kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sínú fáìlì nígbà tí ẹ̀yin ń rí ẹnì kẹta àti ìkẹrin. Ẹ ka ohun tó kọ, ẹ tún un ṣe, ẹ buwọ́ lù ú. Báyìí, aláìsàn kan náà tí ẹ ò bá rí ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ rí i ní ìṣẹ́jú mẹ́jọ sí mẹ́wàá, torí ìdajì ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀.

Ẹ fún un ní iṣẹ́ kan pàtó kó tó wọlé. "Lọ wo màmá yẹn" kò tó. Ẹ ní: "Lọ wádìí ìdí tí wọ́n fi wá lónìí tí kì í ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá, ohun tí àwọn fúnra wọn rò pé ó ń ṣe wọ́n, àti ohun tí wọ́n ti lò nílé. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún." Ohun tí wọ́n ti lò nílé ṣe pàtàkì: àgbo, oògùn tí wọ́n rà ní kẹ́míìsì, oògùn tí aládùúgbò fún wọn. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi ohùn adájọ́ béèrè, wọ́n á ní àwọn ò lo nǹkan kan. Kó kọ ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu aláìsàn jáde sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, kó má tíì sọ ọ́ di orúkọ àìsàn.

Àyẹ̀wò: aláìsàn tó kẹ́yìn ń kúrò ní kílíníìkì lásìkò tó máa ń kúrò tẹ́lẹ̀, tàbí kó fi bí ìdajì wákàtí pẹ́ sí i. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ dín iye tí ẹ ń fún akẹ́kọ̀ọ́ kù, ẹ má padà sórí àga kọ̀rọ̀.

Ìpele 6: Bí ẹ ṣe máa gbọ́ iṣẹ́ tó jẹ́

Ọ̀nà kan wà tí àwọn olùkọ́ ìṣègùn ìdílé kan ní Amẹ́ríkà gbé jáde lọ́dún 1992, tó bá kílíníìkì tí èrò pọ̀ sí mu gan-an. Ìgbésẹ̀ márùn-ún ni: ẹ jẹ́ kó sọ ohun tó rò, ẹ bi í ní ìdí, ẹ kọ́ ọ ní òfin kan, ẹ sọ ohun tó ṣe dáadáa, ẹ tún ohun tó ṣì ṣe. Ẹ wò ó bó ṣe ń lọ.

"Sà, ọmọ ọdún kan àbọ̀ ni. Ara rẹ̀ ti ń gbóná fún ọjọ́ mẹ́ta, ó ń wúkọ́, kò jẹun dáadáa. Ìyá rẹ̀ ra oògùn ibà fún un ní kẹ́míìsì lánàá."

"Kí lo rò pé ó ń ṣe é?"

"Ibà ni mo rò, sà."

"Kí lo rí tó jẹ́ kó o rò bẹ́ẹ̀? Kí lo sì rí tí kò bá ibà mu?"

"Ara gbígbóná yẹn ni, sà. Àmọ́ ikọ́ náà… Ó jọ pé ó ń mí yára."

"Ẹ̀ẹ̀melòó ló mí láàárín ìṣẹ́jú kan?"

"Mi ò kà á, sà."

Ẹ dákẹ́ díẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń ba ẹ̀kọ́ jẹ́ nìyí: a béèrè ìbéèrè, bí ọmọ náà bá ṣe bí ẹni tó ń ronú, a ti dáhùn fún un. Ẹ ka ení dé ẹẹ́wàá lọ́kàn yín kí ẹ tó tún la ẹnu.

Ẹ jọ lọ sọ́dọ̀ ọmọ náà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ka mímí rẹ̀ fún odidi ìṣẹ́jú kan, nígbà tó bá dákẹ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, tí kò sunkún, tí kò mu ọyàn lọ́wọ́. Ó ka 52. Òfin kan ṣoṣo tí ẹ máa kọ́ ọ lónìí nìyí: ọmọ tó ń wúkọ́, ẹ ka mímí rẹ̀. Ọmọ tí kò tíì tó oṣù méjì, 60 sókè ni mímí yára. Láti oṣù méjì títí dé mọ́kànlá, 50 sókè. Láti ọdún kan títí di ìgbà tó bá ku díẹ̀ kó pé márùn-ún, 40 sókè. Kó tún wo ìsàlẹ̀ àyà bóyá ó ń rì wọnú bí ọmọ bá ń mí sínú, torí àmì òtútù àyà ni ìyẹn náà. Àyẹ̀wò ibà náà ṣì gbọ́dọ̀ wáyé, nítorí ibà àti òtútù àyà lè jọ mú ọmọ kan ṣoṣo.

Ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ogún ìṣẹ́jú lórí gbogbo ohun tó ń fa ikọ́. Kó lọ kà á lálẹ́, kó wá sọ ohun kan fún yín láàárọ̀ ọ̀la.

Lẹ́yìn náà ni ìyìn, kó sì jẹ́ ìyìn tó ní orí àti ìdí. "O gbìyànjú" kò kọ́ ọ ní nǹkan kan. "Bó o ṣe bi ìyá ọmọ ohun tó ti rà kó tó wá, ìyẹn ló jẹ́ ká mọ̀ pé oògùn ibà ti wọ inú ọmọ náà tí ara ò sì tíì balẹ̀": èyí máa jẹ́ kó tún ṣe é lọ́la. Àtúnṣe ló kẹ́yìn, gbólóhùn kan: "Nígbà mìíràn, má kúrò lọ́dọ̀ ọmọ tó ń wúkọ́ láìka mímí rẹ̀."

Mo mọ̀ pé ariwo ni wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa, a sì ń sọ pé òun ló jẹ́ ká mọṣẹ́. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ̀rù ọ̀gá rẹ̀ bá ń bà, á fi ohun tí kò mọ̀ pamọ́. Á ní òun ti ka mímí nígbà tí kò kà á. Aláìsàn ló máa san gbèsè irọ́ yẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó lè sọ pé "mi ò kà á, sà" láìgbọ̀n, ẹni tí ẹ lè fi aláìsàn lé lọ́wọ́ nìyẹn.

Bí àṣìṣe rẹ̀ bá kan ara aláìsàn nígbà tí ẹ wà níwájú onítọ̀hún, ẹ má dúró di ìgbà tí ẹ bá jáde. Ẹ ní "ẹ jẹ́ ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan sí i", kí ẹ sì tún un ṣe. Èyí tó kù, ẹ sọ ọ́ fún un nígbà tó bá ku ẹ̀yin méjì.

Àyẹ̀wò: lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan àbọ̀, kó máa sọ ohun tó rò àti ìdí rẹ̀ kí ẹ tó béèrè.

Ìpele 7: Ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ parí sí

Ẹ kọ èyí sílẹ̀, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ẹ̀yìn kọ́tìnì rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọ́dọ̀ kọ oògùn, kò gbọ́dọ̀ buwọ́ lu ìwé, kò gbọ́dọ̀ sọ fún aláìsàn pé kó máa lọ sílé kí ẹ tó rí i. Dókítà tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ MDCN, àjọ tó ń fún dókítà níwèé àṣẹ ní Nàìjíríà, nìkan ló láṣẹ ìyẹn. Kò gbọ́dọ̀ yẹ ọmú tàbí ojú ara ẹnikẹ́ni wò bí ẹ ò bá sí níbẹ̀, kí obìnrin mìíràn sì wà nínú yàrá bó bá jẹ́ obìnrin ni aláìsàn. Kò gbọ́dọ̀ gba owó tàbí ẹ̀bùn.

Bí abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti lò bá gún un: kó fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ibẹ̀, kó má tẹ̀ ẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa jáde, kó sọ fún yín ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an. Oògùn tí wọ́n ń lò kí HIV má baà ranni gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kíákíá, kò gbọ́dọ̀ kọjá wákàtí 72, ọjọ́ 28 ni wọ́n sì ń lò ó. Ẹ mọ ibi tí ẹ ti máa rí i gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ tó dé. Kó má jẹ́ ọjọ́ náà lẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í pe fóònù káàkiri.

Àyẹ̀wò: ẹ ṣàdédé bi í lọ́jọ́ kan pé, "Abẹ́rẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ gún ẹ. Kí lo máa ṣe?" Kó dáhùn láìronú.

Ìpele 8: Ìdílé kan tó máa mọ̀

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá rí ọgọ́rùn-ún èèyàn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kò tíì mọ iṣẹ́ dókítà ìdílé. Ẹ wá ẹnì kan tó máa padà wá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kí ọ̀sẹ̀ rẹ̀ tó pé, ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà, tó sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ sísọ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ló máa rí i nígbàkigbà tó bá wá.

Kó mọ iye tí oògùn rẹ̀ ń jẹ lóṣù àti ibi tí owó náà ti ń wá. Kó mọ ẹni tó ń se oúnjẹ nílé àti ẹni tó ń fi iyọ̀ sí i. Kó mọ ìdí tí màmá fi dá oògùn kan dúró. Ó lè jẹ́ pé ó ń mú kí wọ́n máa tọ̀ léraléra, wọn ò sì lè fi ìsọ̀ sílẹ̀ ní Ọjà Ọba ní gbogbo ìgbà láti wá ibi tí wọ́n ti máa tọ̀. Èyí ò sí nínú ìwé tó ń kà. Bí ẹ bá fẹ́ kó lọ sílé wọn, kó tẹ̀ lé nọ́ọ̀sì, kó má dá lọ, kó má sì fi fóònù ara rẹ̀ pè wọ́n.

Àyẹ̀wò: ẹ ní kó sọ fún yín ìdí tí ìfúnpá màmá yìí ò tíì wálẹ̀. Bí ìdáhùn rẹ̀ bá jẹ́ "wọn kì í gbọ́ràn", kó padà lọ bá wọn sọ̀rọ̀. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ìsọ̀, owó àti ìtọ̀, ó ti yé e.

Ìpele 9: Ìjókòó ọjọ́ Fúráídè

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, èrò sábà máa ń fúyẹ́ díẹ̀. Ẹ lo ogún ìṣẹ́jú nígbà náà. Ẹ ṣí ìwé kékeré yín. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ sọ ohun tó lọ dáadáa fún un lọ́sẹ̀ náà àti ohun tó ṣòro, lẹ́yìn náà kí ẹ sọ tiyín, pẹ̀lú ọjọ́ àti àpẹẹrẹ. "O máa ń kánjú" á bí i nínú lásán. "Lọ́jọ́ Túsìdeè, baba tó ń sọ ọ̀rọ̀ ikú ìyàwó wọn, o já ọ̀rọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu láti béèrè oògùn" á wọ̀ ọ́ létí. Ẹ fi ohun kan ṣoṣo sílẹ̀ tó máa ṣiṣẹ́ lé lórí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń pẹ́ dé tàbí tó ń sọ̀rọ̀ sáláìsàn, ẹ má dúró dọ̀sẹ̀ ìkẹrin. Ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá nǹkan ń ṣẹlẹ̀ nílé tàbí owó ọkọ̀ láti Òkè-Báálẹ̀ ni kò sí. Ó lè jẹ́ pé ebi ló ń pa á. Bí kò bá yí padà lẹ́yìn Fúráídè kejì, ẹ pe olùkọ́ rẹ̀. Bó bá parọ́ nípa ohun tó kan aláìsàn, ẹ pe olùkọ́ lọ́jọ́ náà gan-an.

Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, ẹ mú logbook rẹ̀ àti ìwé yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ohun tí ẹ fojú yín rí pé ó ṣe, ẹ buwọ́ lù ú. Ohun tí ẹ ò rí, ẹ fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ bó bẹ̀bẹ̀ tó bẹ̀bẹ̀ tán, torí ẹlòmíràn máa gbà pé ó mọ̀ ọ́n ṣe nítorí ọwọ́ tí ẹ bù lù ú. Ẹ ní kó kọ ohun méjì tó yẹ kí ẹ yí padà ní kílíníìkì kí akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn tó dé, kó má kọ orúkọ sí i, kó fi lé nọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Ẹ jọ kà á pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ yín lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ẹ tún èyí tó ṣeé tún ṣe, lẹ́yìn náà kí ẹ tó dá ilé ẹ̀kọ́ lóhùn lórí ẹni tó kàn.